Ìwà Tí Tàdáwà Elésè Àlùkò Ń Hù Lórí Bébà

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ eré ọmọdé lójú ẹni tí kò fi máákà kun àwòrán rí; ṣùgbọ́n àwọn aránṣọ tí í kọ́kọ́ ya bùbá àti ìró sórí bébà kí wọ́n tó fi àlùmọ́gàjí kan aṣọ oníbàárà, àwọn olùkọ́ tí ń kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ ọnà, àti àwọn tí ń ya àwòrán sínú ìwé ìtàn, gbogbo wọn ni yóò jẹ́ mi lẹ́rìí pé nínú gbogbo máákà onísípíríìtì tó wà nínú páálí, kò sí èyí tí í dalẹ̀ ẹni tó ń lò ó bí elésè àlùkò. Ìdérí rẹ̀ a fi àwọ̀ kan hàn, bébà a fi òmíràn hàn. Bí ó bá tutù a dúdú, bí ó bá gbẹ a mọ́lẹ̀. Bí a bá fà á lẹ́ẹ̀kejì a ṣókùnkùn ju bí a ti rò lọ. Bí a bá sì kan sípíríìtì sí i lẹ́tìí, a yọ píńkì níhìn-ín, a yọ búlúù lọ́hùn-ún, bí ẹni pé kì í ṣe inú ìgò kan náà ni wọ́n ti jáde. Máákà yẹ́lò kì í yọ ènìyàn lẹ́nu tó báyìí, bẹ́ẹ̀ ni eléwé kì í ṣe é.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ìwà yìí ni pé, lọ́pọ̀ ìgbà, àwọ̀ tí a rí bí ẹyọ kan yẹn kì í ṣe ẹyọ kan rárá. Àwọ̀ méjì ni, nígbà mìíràn mẹ́ta, tí wọ́n jùmọ̀ wọ inú ọkọ̀ kan náà, tí olúkúlùkù sì mọ ibi tí òun yóò ti sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó bá fi èyí sọ́kàn nígbà tó bá gbé máákà náà lọ́wọ́ kò tún ní í máa bínú sí i, nítorí pé yóò ti mọ ohun tó fẹ́ ṣe kó tó ṣe é.

Bí òjò bá dá tí òṣùmàrè bá yọ, ẹ wò ó dáadáa. Ẹ ó rí pupa ní etí rẹ̀ kan, ẹ ó sì rí àwọ̀ aró tó ń ṣú lọ ní etí kejì, ṣùgbọ́n ẹ kò ní í rí elésè àlùkò gidi, èyí tí pupa àti aró dì mọ́ra nínú rẹ̀, nítorí pé etí òṣùmàrè méjèèjì jìnnà síra, wọn kì í sì í fọwọ́ kanra. Inú ojú àti ọpọlọ àwa ènìyàn ni wọ́n ti ń pàdé. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán bá bọ́ sórí bébà tí a ti kùn, tàdáwà yìí a gbé àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ìyeyè tó wà nínú ìmọ́lẹ̀ náà mì, a sì dá pupa àti aró padà sí wa lójú. Àwa a wá pe àdàlù yẹn ní àwọ̀ kan. Bí àwọn baba wa ti fi aró fún àgbe, tí wọ́n sì fi osùn fún àlùkò, bẹ́ẹ̀ náà ni èmi yóò ṣe pín tàdáwà yìí sí méjì títí ọ̀rọ̀ wa yóò fi parí: apá tó jọ búlúù ni n ó máa pè ní aró, apá tó jọ pupa tàbí píńkì ni n ó máa pè ní osùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ewé ẹ̀lú kan tàbí igi osùn kan nínú máákà. Ọwọ́ àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ni àwọ̀ méjèèjì ti wá, ìtàn bí ó sì ṣe di tiwọn dùn-ún gbọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Láyé àtijọ́, ara ìgbín òkun ni àwọn ará ìlú Tírè ti ń fa àwọ̀ yìí yọ, ó sì wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé ọba àti ìjòyè ni í fi aṣọ rẹ̀ bora. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Bíbélì ẹ óò rántí Lídíà ará Tíátírà, oníṣòwò elésè àlùkò inú ìwé Ìṣe Àwọn Àpósítélì. Obìnrin tó tó gbangba í sùn lọ́yẹ́ ni, nítorí ọjà tó ń tà kì í ṣe ọjà aláìní. Ní 1909, Paul Friedländer, onímọ̀ kẹ́mísírì, fẹ́ mọ ohun tó wà nínú àwọ̀ ìgbín náà gan-an. Ó fi ìgbín òkun 12,000 ṣe iṣẹ́ yìí, ohun tó sì rí kó jọ kò ju gíráàmù 1.4 lọ, èyí tí kò tó iyọ̀ tí a ó fi sínú ọbẹ̀ ènìyàn kan.

Ṣùgbọ́n kí Friedländer tó máa pa ìgbín, ibà ti fa ọ̀rọ̀ mìíràn. Ní 1854, ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Pleiad gun Odò Ọya lọ sókè, Dókítà Baikie ni olórí rẹ̀, Àjàyí Crowther tiwa sì wà nínú ọkọ̀ náà. Kuiníìnì tí àwọn òyìnbó inú ọkọ̀ ń mu déédéé ni kò jẹ́ kí ibà pa ẹyọ ẹnì kan nínú wọn, nígbà tó jẹ́ pé àwọn tó ti gun odò yẹn ṣáájú wọn kú bí ẹni ń gbá ilẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló ń wá kuiníìnì láyé ìgbà náà, bẹ́ẹ̀ èèpo igi tó jìnnà réré ni wọ́n ti ń rí i, ó sì gbówó lórí. August Wilhelm Hofmann, ọ̀gá nínú ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì ní Lọ́ńdọ̀nù, ń rò ó pé bóyá ènìyàn lè fi ohun tó wà nínú ọ̀dà èédú ṣe kuiníìnì láìdé ìdí igi. Ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ kan, William Henry Perkin, ọmọ ọdún 18, sì gbìyànjú rẹ̀ wò nílé bàbá rẹ̀ nígbà ìsinmi Àjíǹde ọdún 1856. Kuiníìnì kò jáde. Ẹrẹ̀ dúdú kan ló kù sí ìsàlẹ̀ ìgò. Ọmọ mìíràn ìbá dà á nù, kó sì lọ ṣeré. Perkin bu sípíríìtì sínú ìgò náà kí ó lè ṣàn án, sípíríìtì sì pọ́n, ó tún dú, ó ń tàn, àwọ̀ elésè àlùkò tí ojú kò rí irú rẹ̀ rí láti inú èédú. Ó wá ìfà kan, òmíràn ni Elédùmarè fi kò ó lọ́nà. Oṣù Kẹjọ ọdún yẹn kò tí ì parí tó fi gba ìwé-àṣẹ lé e lórí; ní 1857 ó kọ́ ilé-iṣẹ́ sí Greenford; nígbà tó sì di 1858 Ọba-bìnrin Victoria fi aṣọ aláwọ̀ yìí lọ sí ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni elésè àlùkò ti kúrò ní ohun ìní ọba nìkan.

Ẹ kíyè sí i pé sípíríìtì ni ó fà á jáde. Omi kì bá tí ṣe é bẹ́ẹ̀. Ìfẹ́ tó wà láàárín irú àwọ̀ yìí àti sípíríìtì ni ó tún fara hàn ní 1884, nígbà tí Hans Christian Gram, dókítà ará Denmark tó ń ṣiṣẹ́ ní Berlin, rí i pé bí òun bá fi àwọ̀ elésè àlùkò kun kòkòrò àrùn, tí òun tẹ̀ lé e pẹ̀lú áódíìnì, tí òun sì fi sípíríìtì fọ̀ ọ́, sípíríìtì a kó àwọ̀ náà kúrò lára àwọn kan, a sì fi í sílẹ̀ sára àwọn mìíràn. Ọ̀nà yìí ni wọ́n ṣì fi ń pín kòkòrò àrùn sí ẹgbẹ́ méjì ní ilé ìwòsàn títí di òní. Àwọ̀ tó lò náà kò ṣàjèjì sí wa. Òun ni àwọn nọ́ọ̀sì máa ń fi pa egbò ẹnu ọmọ ọwọ́, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní G.V., tí í bá ìka ìyá ọmọ lọ sí ọjà tí í sì í bá a bọ̀. Ẹni tó bá fi ọṣẹ àti omi fọ G.V. kúrò lọ́wọ́ mọ̀ pé ìyà ni. Ẹni tó bá fi òwú kan sípíríìtì tí ó sì nù ún, ó mọ bí ó ṣe rọrùn tó.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a ṣí ìdérí máákà. Ní Amẹ́ríkà, láti 1953 tí Sidney Rosenthal ti gbé tirẹ̀ jáde, ohun tó wà nínú irú kálámù bẹ́ẹ̀ ni òwú tó mu tàdáwà yó, àti ẹnu tí a fi fọ́nrán ṣe, tí ó ń fa tàdáwà bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Èyí tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí, sípíríìtì ni omi rẹ̀, inú sípíríìtì yẹn ni àwọ̀ sì ti yọ́ pátápátá. Kò sí ìyẹ̀fun nínú rẹ̀ bí ti ọ̀dà ara ògiri, èyí tí í jókòó sórí ohun tí a fi kùn tí í sì í bò ó. Tiwa yìí a wọ inú bébà lọ, a pa fọ́nrán bébà láró, ìmọ́lẹ̀ a sì máa kọjá nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí kò fi lè bo ohunkóhun tó wà lábẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tó ń kó ìpayà bá akẹ́kọ̀ọ́ ni bí ó ṣe ń dúdú nígbà tó bá tutù. Ẹ má ṣe dá a lẹ́jọ́ nígbà náà. Aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde nínú omi a máa dúdú ju bí yóò ti rí lórí okùn lọ, ohun kan náà ló sì fà á. Nígbà tí bébà bá gbẹ, afẹ́fẹ́ wà láàárín fọ́nrán rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó bá bọ́ sí i a máa ta padà níbi gbogbo, ohun tó jẹ́ kí bébà funfun nìyẹn. Bí sípíríìtì bá ti kún àlàfo wọ̀nyẹn, ìmọ́lẹ̀ a wọlé jìnnà kí ó tó rí ọ̀nà padà, tàdáwà a sì ti gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ mì. Elésè àlùkò, tí ó ti ń gbé èyí tó mọ́lẹ̀ jù nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán mì tẹ́lẹ̀, ló ń jìyà èyí jù. Ẹni tó bá rí i tó dúdú, tó wá yára mú òmíràn tó mọ́lẹ̀ jù ú lọ láti fi tún un ṣe, ìkánjú ló ń bá a jà; kí ó fi í sílẹ̀ kó gbẹ ná. Kì í pẹ́ gbẹ, nítorí sípíríìtì ń hó ní ìwọ̀n 78 lórí òṣùwọ̀n Celsius, nígbà tí omi ń dúró di 100. Ṣùgbọ́n ìyára rẹ̀ yìí náà ní wàhálà tirẹ̀. Bí fáànù bá ń fẹ́ lu bébà, tàbí tí yàrá bá gbóná bí ti ọ̀sán oṣù Kẹta n'Ìbàdàn, etí ibi tí a kùn a ti gbẹ kí ọwọ́ tó padà débẹ̀, ibi tí tútù bá ti gun gbígbẹ a sì di ilà. Lára yẹ́lò, ojú kì í rí ilà yẹn. Lára elésè àlùkò, ó ń kígbe. Ẹ pa fáànù, ẹ má dúró ní àárín, ẹ sì jẹ́ kí etí tí ẹ ń kùn máa tutù títí ẹ ó fi dé òpin rẹ̀.

Ti ìpínyà aró àti osùn ló dùn mọ́ mi nínú jù, nítorí pé ènìyàn lè fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ẹ gé bébà funfun tó fẹ̀ bí ìka méjì, irú èyí tó ń mu omi dáadáa. Ẹ fi máákà elésè àlùkò kán tóótó kan sí i nítòsí ìsàlẹ̀. Ẹ bu sípíríìtì díẹ̀ tí àwọn oníkẹ́mísì ń tà sínú ife, ẹ gbé ìsàlẹ̀ bébà kàn án, kí tóótó náà má ṣe rì sínú rẹ̀, kí ẹ sì rí i pé fèrèsé ṣí, pé kò sí iná tàbí sítóófù nítòsí. Sípíríìtì a máa gun bébà lọ sókè, a sì máa fa àwọ̀ lọ́wọ́. Bí àdàlù bá ni, kò ní í pẹ́ tí àwọ̀ kan yóò fi ṣáájú tí èkejì yóò sì máa wọ́ tẹ̀ lé e, nítorí pé ìfẹ́ tí àwọ̀ kan ní sí sípíríìtì lè ju ti èkejì lọ, ọ̀kan sì lè di bébà mú ju èkejì lọ. Nínú máákà kan osùn ló ń ṣáájú, nínú òmíràn aró ni. Ogún ọmọdé kì í ṣeré pọ̀ kó tó ogún ọdún. Mikhail Tsvet, ará Rọ́ṣíà tó ń ṣiṣẹ́ ní Warsaw, ti fi irú ọgbọ́n yìí pín àwọ̀ inú ewé sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láti 1903. Ìyẹ̀fun ẹfun tó kì sínú ọ̀pá dígí ló fi ṣe bébà tirẹ̀. Bí ẹ bá fi omi ṣe ìdánwò yìí dípò sípíríìtì, tóótó náà kò ní í kúrò níbi tí ẹ kán an sí, bí máákà náà bá jẹ́ onísípíríìtì lóòótọ́. Ẹ lè fi ìyẹn mọ ojúlówó lọ́wọ́ àwọn tí í pe olómi ní onísípíríìtì.

Ẹni tó bá ti rí èyí lójú, ìdí tí etí àwòrán fi ń yọ píńkì yóò ti yé e. Máákà aláìláwọ̀ tí wọ́n ń tà pọ̀ mọ́ àwọn yòókù, sípíríìtì lásán ló wà nínú rẹ̀. Kì í pa àwọ̀ rẹ́, títì ló ń tì í síwájú. Bí a bá fi kan etí elésè àlùkò, a lé èyí tó yá ẹsẹ̀ jáde, a sì fi èyí tó lọ́ra sílẹ̀. Èyí kì í ṣe àbùkù lójú mi. Mo ti rí òdòdó tí a fi ọ̀nà yìí kùn, tí ewé rẹ̀ ń ti inú aró bọ́ sínú osùn láìsí ilà, láti inú máákà kan ṣoṣo. Ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ, kí ó má fi aláìláwọ̀ kàn án. Kí ó fi elésè àlùkò fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, èyí tí àwọn aláṣọ ẹbí ń pè ní láílákì, kùn ún ṣáájú, kí ó sì mú èyí tó dúdú wá nígbà tí ilẹ̀ rẹ̀ ṣì tutù. Ìpele méjì tó. Lẹ́yìn ìkẹta, bébà ti yó, kò ní í dúdú sí i mọ́, yóò kàn máa ràn kọjá ilà ni, yóò sì jò sí ẹ̀yìn. Bébà A4 tí àwọn onífótókọ́pì ń lò kì í tilẹ̀ í dúró de ìpele kejì, nítorí náà ẹ fi bébà tí ẹ kò nílò mọ́ sábẹ́ rẹ̀, kí tábìlì ìyá yín má bàa bá a pín nínú rẹ̀.

Ilà bírò, ẹ sá fún un. Tàdáwà bírò dúdú àti ti búlúù sábà máa ń ní àwọ̀ elésè àlùkò ìdílé G.V. yẹn nínú, sípíríìtì a sì tú u, gbogbo ojú àwòrán a di kàtàkàtà. Yẹ́lò náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀: ohun tí elésè àlùkò ń gbé mì ni yẹ́lò ń dá padà, ohun tí yẹ́lò ń gbé mì ni aró, bí ọ̀kan bá gun orí èkejì, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìmọ́lẹ̀ tí yóò yè bọ́, àwọ̀ ilẹ̀ ló máa jáde. Ẹni tó ń ya òjìji sí ara aṣọ yẹ́lò lè fi èyí ṣe oore. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, a ba ẹnu máákà yẹ́lò rẹ̀ jẹ́.

Ní ti rírà, ẹ má gba ìdérí gbọ́, nítorí pé ike ni, tàdáwà kọ́. Ilé-iṣẹ́ Too ní Japan, tó gbé máákà Copic jáde ní 1987, kọ lẹ́tà sí ara tirẹ̀: BV ni èyí tí aró rẹ̀ borí, RV ni èyí tí osùn rẹ̀ borí, V sì wà ní àárín. Níbi tí lẹ́tà kò bá sí, ẹ fà á sórí irú bébà tí ẹ fẹ́ lò, kí ẹ sì gbé e síta kúrò lábẹ́ gílóòbù kí ẹ tó sanwó. Ìmọ́lẹ̀ gílóòbù oníná pupa àti ti àtùpà kò ní aró tó nínú, osùn nìkan ni wọ́n ń rí bá ṣe, elésè àlùkò a sì rọ́ sí pupa. Kámẹ́rà fóònù sì sábà máa ń ṣe òdìkejì, a sọ ọ́ di búlúù. Aránṣọ tó bá fi irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí oníbàárà, àlàyé púpọ̀ ń bẹ níwájú rẹ̀.

Ó ku ti oòrùn. Àwọ̀ tó ń yọ́ nínú sípíríìtì kì í sábà lágbára níwájú ìmọ́lẹ̀, àwọn méjì tó sì ń gbé pọ̀ nínú elésè àlùkò kì í kú lọ́jọ́ kan náà. Ní oṣù Kẹwàá 1888, Vincent van Gogh ya yàrá rẹ̀ ní Arles ní ilẹ̀ Faransé, ó sì kọ̀wé sí Theo àbúrò rẹ̀ pé elésè àlùkò fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ ni ògiri yàrá náà. Ẹni tó bá dé ilé ọnà Van Gogh ní Amsterdam lónìí, ògiri búlúù ni yóò rí. Ọ̀dà olóròóró ló lò, kì í ṣe máákà, ṣùgbọ́n ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀: ìmọ́lẹ̀ ti jẹ osùn inú rẹ̀ tán, ó sì ku aró nìkan. Ọdún púpọ̀ ni ti ọ̀dà gbà. Ti máákà lójú fèrèsé kì í gba tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó fi elésè àlùkò ya ohun tí ẹ fẹ́ gbé kọ́ ògiri, ẹ fa ilà kan láti inú máákà kọ̀ọ̀kan tí ẹ ní sórí bébà kan, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ fi páálí bo ìdajì gbogbo ilà náà, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ fèrèsé tí oòrùn ń dé. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ ṣí páálí náà. Èyí tí ìdajì rẹ̀ méjèèjì bá ṣì jọra ni kí ẹ fi ya ti ògiri. Àwọn yòókù kò burú fún ìwé tí a máa ń pa dé lẹ́yìn tí a bá wò ó tán.